Ìfúnpá Kan fún Gbogbo Agbo Ilé

Ní agbo ilé bàbá mi l'Éjìgbò, ẹnì kan ṣoṣo là ń rán lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ má tí ì fi wá rẹ́rìn-ín. Obìnrin mẹ́sàn-án ni wá nígbà náà: àwọn ìyàwó ilé, èmi ọmọ-osú tí mo ti Abidjan darí wálé lẹ́yìn ikú ọkọ mi, àti ìyá mi tí wọ́n jẹ́ àgbà gbogbo wa. Bí oṣù bá ti yọ, ẹni tó bá kàn á wẹ̀, á wé gèlè tó mọ́, á mú káàdì, á lọ jókòó sí ilé ìwòsàn alábọ́dé lórúkọ wa. Bí ó bá dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ké pé, "Ara wa le o!" Gbogbo wa á dáhùn láti inú yàrá, láti ìdí ààrò, láti inú balùwẹ̀ pàápàá, pé, "Alihamudulilahi!" Ó parí nìyẹn, ó tún di oṣù tó ń bọ̀.

Kì í ṣe pé a gọ̀. Bí a ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan nílé wa nìyẹn. Bí wọ́n bá bímọ ní Ìsúndúnrìn, gbogbo wa kọ́ la máa ń gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Ẹnì kan la ń rán. Á gbé ọmọ náà, á ṣàdúrà lórúkọ wa, á sì gba oúnjẹ wa bọ̀ nínú abọ́ onídèérí. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ní Ọlá tàbí ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, bákan náà ni. Ẹni tó lọ, gbogbo wa ló lọ. N ò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ò rí mi níbi ìsìnkú tí ará ilé mi ti dé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìfúnpá wá dé, ojú kan náà la fi wò ó. "Ìkòkò kan náà la ti ń jẹ," ni ìyàwó tó kéré jù nílé wa wí, òun tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Kànga kan náà la ti ń pọnmi. Ọkọ nìkan ni a ò jọ ní." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, ọ̀rọ̀ sì bùṣe.

Mo mọ̀ pé àṣìṣe ni. Mo mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ wa. Síbẹ̀, bí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lónìí, tí mo rántí bí ohùn gbogbo wa ṣe máa ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àárò rẹ̀ a máa sọ mí gidigidi. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní òmùgọ̀.

Onídìrí ni ìyá mi. Kì í ṣe onídìrí inú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí ènìyàn lórí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni ṣọ́ọ̀bù wọn: àpótí kékeré kan, ẹní kan, òòyà onígi tí eyín rẹ̀ méjì ti ká, ìgò àdí kan tí wọ́n fi àkísà dí lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n bá ń di irun fún á jókòó sórí ẹní, á fi orí ti orúnkún wọn, ìròyìn ìlú á sì bẹ̀rẹ̀. Lọ́mọdé, mo ti sùn lórí orúnkún yẹn láìmọye ìgbà, ìgbà tí màá fi jí, wọn á ti di ìdajì orí mi. Ọwọ́ wọn yá, ó sì fẹ́lẹ́. N ò bá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ pàdé ní gbogbo ọdún tí mo lò ní Abidjan, bẹ́ẹ̀ mo jókòó fún onídìrí tó pọ̀ níbẹ̀.

Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí bọ́ọ̀sì Abidjan bá ti ń já èrò sílẹ̀ nílùú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa á kún. Àwọn obìnrin wa tó ń bọ̀ láti ọ̀hún, tí wọ́n ti fi irun àtọwọ́dá bo orí fún ọdún kan gbáko, á wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Bọ̀ǹjúù, Mamá! Sava?" Ìyá mi tí wọn ò kọjá Ìbàdàn rí láyé wọn á dáhùn pé, "Sava, sava. Jókòó síbẹ̀ kí n wo ohun tí o fojú orí ara rẹ rí." Gbogbo ilé á máa rùn fún àdí àti aṣẹkẹ, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ti ọ̀hún, tí àwọn àlejò gbé bọ̀, a ò sì ní dákẹ́ títí oòrùn á fi wọ̀.

Ohun kan wà tí ìyá mi kì í gbà: wọn kì í di irun le. Àwọn kan á bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fà á dáadáa kó lè pẹ́ lórí. Wọ́n á kọ̀ jálẹ̀. "Bí o bá rẹ́rìn-ín tí iwájú orí rẹ fà ọ́, mo ti ṣẹ̀ ọ́," ni wọ́n máa ń wí. Wọ́n á wá pe ẹnì kan tí irun iwájú orí rẹ̀ ti lọ, wọ́n á fi ìka tọ́ ibẹ̀. "Ṣé ẹ rí ibí yìí? Ká ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fà á tu ni, á ké, ìyá rẹ̀ á sì mọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fà á, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Kò dùn ún. Ọjọ́ tó wo dígí ló tó mọ̀." Ẹni tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ á máa fajú ro, àwa yòókù á máa rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ́mọbìnrin nọ́ọ̀sì kan wà lára àwọn oníbàárà wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, bí wọ́n ti di irun rẹ̀ tán, tí wọ́n sì ti sọ ọ̀rọ̀ iwájú orí yìí fún ẹni tó kàn, nọ́ọ̀sì náà fa ẹ̀rọ ìfúnpá yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó ní kí ìyá mi na apá. Wọ́n nà án bí ẹni tó ń bá ọmọdé ṣeré. Ó wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ wọn lápá, ó wọ̀n ọ́n, ó ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, ó tún un wọ̀n.

"Ìyá, ó lé díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi báwo?"

"Mẹ́rìndínlógóje lórí mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Kò tí ì burú, àmọ́ kò dára tó."

"Ṣé orí ń fọ́ mi ni? Àbí òòyì ń kọ́ mi? Mo jẹun láàárọ̀, mo tún máa jẹun lálẹ́. Jẹ́ n rí etí gbọ́rọ̀, jàre."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. "Ohun tí ẹ sọ nípa irun iwájú orí yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín, Mà. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá lára, ó yẹ kó máa fẹ̀, kó sì máa súnkì, bí ọkàn bá ṣe ń lù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agbára tì í díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, lọ́sàn-án, lóru, lójoojúmọ́, inú iṣan náà tó ń dán á máa bó. Ara rẹ̀ á máa nípọn, á máa gan. Kò ní dùn yín. Ẹ ò ní mọ nǹkan kan. Ìgbà tí ẹ bá fi máa mọ̀, á ti pẹ́."

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n dín kúùbù ìsebẹ̀ kù, kí wọ́n fi ẹja oníyọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n máa rìn díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ dípò kí wọ́n jókòó sórí àpótí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, bóyá wọn ò tilẹ̀ ní nílò oògùn. "Àmọ́ lóṣooṣù ni kí ẹ máa wá, Mà, kí á lè mọ̀ bóyá ó ń gòkè. Ẹ̀yin fúnra yín ni o." Ìyá mi ní, "Wàá rí mi." Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ṣe káàdì kan fún wọn.

Bí káàdì ṣe wọ ilé wa nìyẹn. Lóṣù kìíní, ìyá mi lọ fúnra wọn. Lóṣù kejì, wọ́n tún lọ. Wọn ò sọ iye tó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni, àwa náà ò bi wọ́n. Lóṣù kẹta, wọ́n pè mí síbi tí mo ti ń kó aṣọ tí mò ń tà pọ̀ sínú àpò. Wọ́n ní, "Irun pọ̀ nílẹ̀. Ìwọ lọ bá mi wọ̀n ọ́n."

Mo ní, "Ìyá, báwo ni màá ṣe wọn tiyín?"

"Ọmọ tí mo bí kọ́ ni ọ́? Ẹ̀jẹ̀ ta ló wà lára rẹ?"

Mo lọ. Lásìkò yẹn, wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì wa lọ sí ìlú mìíràn, àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lórí ìjókòó sì ń pààrọ̀ lóṣù dé oṣù. Ọ̀kan nínú wọn wo káàdì, ó wo ojú mi, ó ní, "Mà, ọjọ́ orí tó wà níbí ju bí mo ṣe rí yín lọ o." Mo ní ìtọ́jú ara ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó wé aṣọ mọ́ mi lápá. Méjìdínlọ́gọ́fà lórí mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ó ní ó dára púpọ̀, ó kọ ọ́ sínú káàdì ìyá mi. Mo yan bọ̀ wálé bí ẹni tó gba ipò kìíní ní ilé ẹ̀kọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ké pé, "Ara wa le o!"

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé ń fẹ́ káàdì. A kì í rí ohun tó dára kí á dá a lò. Ìyàwó tó kéré jù lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó gbé iye tó kéré ju tèmi lọ bọ̀, ó sì fi ń yọ mí lẹ́nu fún odindi oṣù kan. Ó di nǹkan eré. Ó tún di nǹkan àdúrà. Ìyá mi kò sì lọ mọ́. Bí ó bá kàn wọ́n, wọ́n á wò mí, màá dìde. Ẹja oníyọ̀ ń wọ ọbẹ̀ wa bí ó ṣe ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí kò ní wọ̀ ọ́? Ṣebí ara wa le.

Nǹkan kan wà tí mo máa ń fẹ́ fò dá bí mo bá ń sọ ìtàn yìí, àmọ́ n ò ní fò ó lónìí. Nọ́ọ̀sì wa padà wá kí wa lẹ́yìn ọdún kan. Ó béèrè káàdì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ tàn, ó dì mọ́ ìyá mi. "Ìyá, ó ti sọ̀ kalẹ̀! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ti dín iyọ̀ kù lóòótọ́!" Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbọn eruku tí kò sí lára aṣọ wọn, wọn ò wo ojú mi. Mo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí n sọ. Ojú ń tì mí láti ba ayọ̀ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, mo sì lọ wá ẹyin tí màá dì fún un.

Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí a ṣe káàdì kí ọjọ́ náà tó dé. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Obìnrin kan tó ti Abidjan dé lọ́jọ́ tó ṣáájú ló jókòó síwájú ìyá mi, èmi sì ń bá wọn tú irun ẹni tó kàn. Òòyà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo mú un fún wọn. Ó tún bọ́. Kò pẹ́ tí obìnrin náà gbé ọwọ́ sórí, ó ní, "Mamá, apá ibí yìí ti dẹ̀ jù o." Mo na ọrùn wò ó. Ìlà mẹ́ta tó gún régé wà lápá òsì. Èyí tó tẹ̀ lé e ń wọ́, ó ń tú, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń kọ́ irun dídì.

Mo jágbe mọ́ ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní, "Ìyá, kí lẹ ń ṣe yìí? Ẹ ń ba orí ẹni ẹlẹ́ni jẹ́!" Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni, pé agídí ni kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, ìbínú mi sì máa ń yá ju ọgbọ́n mi lọ. Wọ́n gbójú sókè sí mi. Wọ́n fẹ́ fèsì, ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu wọn, n ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹnu wọn ti wọ́ sápá kan. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lórí itan wọn, kò sì mira. Ìyàwó tó kéré jù ló kọ́kọ́ ké.

Ọkọ̀ aládùúgbò kan ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà tó gbà wá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ awò ojú, tó ń rọra sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ìyá mi wọlé, tí wọ́n sì ti yẹ̀ wọ́n wò, ó jáde wá bá mi, ó béèrè bóyá wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru rí. Mo fa káàdì yọ. Nínú ìpọ́njú yẹn náà, mo tún yangàn díẹ̀: èmi náà kì í ṣe aláìbìkítà, a ní àkọsílẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ní, "Oṣù yìí jọ ti ọmọ ogún ọdún. Èyí tó tẹ̀ lé e jọ ti ẹni ogójì. Apá ta ni wọ́n ń wọ̀n níbí, Mà?"

Mo ní, "Apá gbogbo wa ni."

Ó fi káàdì náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Kò bú mi. Ì bá wù mí kó bú mi. Ó ṣàlàyé pé àwọn iṣan kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n tín-ín-rín gan-an, pé bí ìfúnpá bá ń lé, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀, tí wọn ò sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ara iṣan wọ̀nyẹn a máa nípọn sínú, ihò wọn a máa kéré. Iṣan tó bá ti gan kò lè fẹ̀ dáadáa mọ́, ọkàn á wá máa fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ gba ibẹ̀, agbára yẹn náà á tún máa ba iṣan jẹ́ sí i. Ọ̀kan ti dí lára ti ìyá mi, ní ibi tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún.

Mo ní, "Àmọ́ díẹ̀ ni wọ́n ní ó fi lé."

"Díẹ̀ ni nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn. Bóyá ó dúró síbẹ̀, bóyá ó ti gòkè lẹ́yìn náà, a ò lè mọ̀ láé. Káàdì yìí kò lè sọ fún wa."

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ mọ̀. Mo bi í bóyá ọwọ́ wọn á padà. Ó ní á padà díẹ̀, wọ́n á lè di ṣíbí mú, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Mo ní irun ni wọ́n ń dì. Ó wo ilẹ̀, ó ní òun ò lè ṣèlérí ìyẹn.

A ṣe Iléyá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn tí wọ́n dá wa sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọwọ́ náà jà. Nọ́ọ̀sì wa gbọ́, ó wá láti ìlú tó wà. Ó kọ́kọ́ jókòó sórí ẹní, ó sunkún. Ó ní, "Ìyá, mo dì mọ́ yín. Mo kí yín kú iṣẹ́." Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré sí wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n máa fún un. Àwa so okùn mẹ́ta mọ́ ẹsẹ̀ àga kí wọ́n lè máa fi kọ́ irun dídì lọ́tun. Òórọ̀ dé òórọ̀ ni wọ́n ń jókòó síwájú àga yẹn. Okùn á yọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á tún gbé e. N ò lè máa wò ó. Mo máa ń wá iṣẹ́ ṣe lẹ́yìnkùlé.

Ilé wa yí padà. Káàdì di mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ tí gbogbo wa kọ́kọ́ jọ lọ, a tò lọ lójú ọ̀nà bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó, àwọn èèyàn sì ń bi wá pé ta ló bímọ. Ìyàwó tó kéré jù, tó ti ń fi iye rẹ̀ yọ mí lẹ́nu, tirẹ̀ ṣì dára. Àwọn méjì nínú àwọn àgbà ìyàwó ni tiwọn ga ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ, wọ́n sì ti ń lo oògùn látìgbà náà. Iyọ̀ dín kù nínú ìkòkò. A ń fi irú àti ata bò ó. Fún oṣù kan, ẹnu wa kò gba oúnjẹ kankan, a sì ń kùn bí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó mọ́ wa lára.

Ní ti ọwọ́, bí dókítà ti wí ló rí. Ìyá mi lè di ṣíbí mú. Wọ́n lè di ife mú, bí ife náà kò bá kún. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn là padà, àwàdà wọn sì padà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irun kọ̀. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn bí ọdún kan, wọ́n tú okùn kúrò lẹ́sẹ̀ àga fúnra wọn, wọ́n ká a, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní kí n lọ fi sá aṣọ. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Èmi ni mò ń di irun lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn báyìí. Ọwọ́ mi ò fẹ́lẹ́ tó tiwọn. Wọ́n máa ń jókòó sórí àga lẹ́yìn mi, ojú wọn á wà lórí ìka mi, ẹnu wọn ò sì ní dákẹ́: "Dẹ̀ ẹ́. O ti ń fà á jù. Padà sẹ́yìn, ìlà yẹn wọ́." Àwọn ará Abidjan ṣì ń wá. Wọ́n ní èmi ni mò ń dì í, àmọ́ ti Mamá ló ń jáde. Inú ìyá mi a máa dùn tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún yìí ni wọ́n wọn tèmi, tí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní ó lé díẹ̀. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn tún un wọ̀n. Mo dé ilé, mo fi káàdì sí abẹ́ aṣọ nínú àpótí mi. Nígbà tí ìyá mi béèrè, mo ní ara mi le. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Èmi tí mo rí ohun tí mo rí, èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n bá gbàgbé ọjọ́ wọn. Bí mo bá dìde láàárọ̀, mo máa ń ṣí ọwọ́, mo máa ń pa á dé, láti wò ó bóyá ó ṣì ń gbọ́ tèmi. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé n ò lè sọ ọ́ fún ara mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oníbàárà ti lọ, mo ń fọ òòyà. Ìyá mi ní, "Nígbà wo ni wọ́n ní kí o padà lọ?"

Mo ní, "Padà lọ síbo?"

"Má fi mí ṣe ọmọdé. Ẹni tí ara rẹ̀ le kì í máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ láàárọ̀."

Mo bínú. Mo ní màá lọ, mo ní kí wọ́n fi mí lọ́rùn sílẹ̀, mo ní ṣé èmi ni mi ò mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ni. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ rí.

"Orí méjì péré ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rán ọ. Ọwọ́ mi ò dí. Lóṣù tó ṣáájú, wọ́n ti sọ fún mi pé ó lé sí i. N ò fẹ́ tún gbọ́ ọ mọ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá rán ọ, èyí tó dáa ni wàá gbé bọ̀ fún mi."

Láti ọjọ́ tí mo ti ní "apá gbogbo wa ni" fún dókítà yẹn ni mo ti gbà pé èmi ni mo fi apá mi pa ọwọ́ ìyá mi. Mo ti gbé e lọ sórí ibùsùn, mo ti gbé e lọ sórí ìrun. Inú bí mi sí wọn lójú ẹsẹ̀ yẹn, ó bí mi gan-an, mo fẹ́ jágbe mọ́ wọn bíi ti ìjọ́sí. Ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn, mo sì rí i pé ẹ̀rù tó bà wọ́n náà ló ń bà mí, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń tọ́ ọ dàgbà nínú àpótí aṣọ.

Wọ́n na ọwọ́ òsì, èyí tó dára, wọ́n fi di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ṣì rin fún omi òòyà.

"Ọwọ́ rẹ yìí ni mo fi ń di irun báyìí," ni wọ́n wí. "Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run, má jẹ́ kí n pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Mo jókòó tì wọ́n, mo sì sọ iye náà fún wọn.